Awọ Ẹ̀yìn Àga Mọ́tò Òyìnbó

Ẹ má tíì pè mí ní ojo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, nítorí èmi gan-an ti pe ara mi bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó dé. Iṣẹ́ awọ ni mo fi jẹun ní Ìlọrin. Bàbá mi ṣe é, bàbá tó bí i ṣe é. Mo rán gàárì ẹṣin fún àwọn ìjòyè, mo rán bàtà, mo rán àpò tí àwọn alfa ń kó Kùránì sí, mo sì fi awọ bo tírà débi pé ọwọ́ mi lè rán an kí ojú mi máa wo ibòmíràn. Lórí iṣẹ́, n kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan wà láyé mi tí mo bẹ̀rù gbogbo ènìyàn, nítorí mọ́tò kan tí kì í ṣe tèmi, tí n kò sì jókòó sínú rẹ̀ rí.

Òyìnbó rélùwéè kan ló ni mọ́tò náà. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé e wá láti Èkó, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, tó jẹ́ dẹ́rẹ́bà òyìnbó náà, ló bá wọn sọ ọ́ kalẹ̀. Mọ́tò tó wà nílùú nígbà náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n a ti rí wọn, a mọ bí wọ́n ṣe ń rí. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Imú rẹ̀ gùn gbọọrọ, ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó, kò ní òrùlé, ènìyàn méjì péré ló ń gbà. Bẹ́líìtì awọ ni wọ́n fi di ìdérí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí a ti ń di gàárì mọ́ ẹṣin níkùn. Tó bá ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ odò Àsà, ewúrẹ́ á sá, ọmọdé á sá, èmi náà á rántí pé mo ní nǹkan ṣe nínú ilé. Àbúrò mi á wá máa fi mí rẹ́rìn-ín pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé mọ́tò ń géni jẹ ni?”

Òyìnbó náà gbọ́ Gàmbàrí, èmi náà sì gbọ́ ọ nítorí àwọn tí mo ń ra awọ lọ́wọ́ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi pé ilé-iṣẹ́ kankan kò ṣe mọ́tò yìí. Òun àti ọ̀rẹ́ òun ló kàn án jọ nílùú wọn, nínú ilé tí wọ́n ń so ẹṣin sí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n lè máa fi sá eré ìje. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì lára mọ́tò kan tó jóná. Wọ́n mú irin gígùn tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró lára òmíràn, wọ́n ra ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn lu páànù tó fi ṣe ara. Ó gbá a nímú pẹ́pẹ́, ó ní kò sí ìkejì rẹ̀ láyé. Mo ní Ọlọ́hun á bá wa dá a sí. Kí ni kí n tún sọ?

Oòrùn ìlú wa kò mọ òyìnbó, kò mọ mọ́tò òyìnbó. Kò tó ọdún kan tí awọ àga rẹ̀ fi là pẹ̀ẹ̀pẹ̀ẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi kí n wá fi tuntun bò ó. Nígbà tí mo tú awọ ẹ̀yìn àga náà, mo rí i pé wọ́n kọ nǹkan sí inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ibi tí ẹni tó jókòó kò lè rí. Yíǹkì ni wọ́n fi kọ ọ́, ìlà lórí ìlà, wọ́n sì ya mọ́tò náà sáàárín. Òyìnbó rí i, ó bú sẹ́rìn-ín bí ẹni rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ó ní ọjọ́ tí àwọn kàn án tán ni àwọn kọ ọ́: ibi tí ohun gbogbo ti wá, nọ́ńbà tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ó ní, “Rán awọ tuntun lé e lórí, ṣùgbọ́n fi èyí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.” Àbúrò mi wà níbẹ̀. Mo ní mo gbọ́.

Irọ́ ni mo pa. Ẹni tó bá mọ awọ nìkan ni yóò mọ ohun tó ṣe mí. Ojú òde àga náà ni oòrùn bà jẹ́, èyí tó wà lẹ́yìn ò gbọgbẹ́ kankan. Ó fẹ́lẹ́, ó rọ̀, ó ń tẹ̀ lé ọwọ́ bí aṣọ. Kí n wá fi irú awọ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ awọ kó máa jẹrà síbẹ̀? Nígbà tí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ mi, mo fi àpò ìdọ̀họ dí ibẹ̀, mo rán awọ tuntun lé e, mo ká awọ òyìnbó sínú àpò mi. Nílé, mo gé e sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, mo fi bo tírà mẹ́sàn-án. Ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí ni mo dojú rẹ̀ kọ inú. Nílùú wa, a kì í sọ ohun tí wọ́n kọ nǹkan sí sórí ààtàn, irú ìwé yòówù kó jẹ́, nítorí ẹni tí kò lè kà á kò mọ ibi tí orúkọ Ọlọ́hun lè wà. Nítorí náà, mo jalè tán, mo tún rò pé mo ṣe ìjọsìn. Ẹ wo ọgbọ́n burúkú.

Kò pẹ́ tí ibà dá òyìnbó náà dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Èkó, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ pé kó máa lọ sílé, ibẹ̀ ló kú sí lórí omi. Mọ́tò wà lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó ń nù ún lójoojúmọ́, ó ń da aṣọ bò ó, bí ẹni ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni òyìnbó tuntun dé sọ́dọ̀ ajẹ́lẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà pé àwọn ẹbí òkú fẹ́ mọ́tò wọn, kí ohun gbogbo sì pé lára rẹ̀. Òyìnbó tuntun yìí mọ mọ́tò. Ó mú ìwé kan dání tí àwòrán mọ́tò kún inú rẹ̀, ó ń yí mọ́tò náà po, ó ń ṣí ìwé, ó ń pa ìwé dé, kò rí èyí tó jọ ọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ha ìdọ̀tí kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ó rí orúkọ kan. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó rí orúkọ mìíràn. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀kẹta. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ lórúnkún, ó wo àbúrò mi láti òkè délẹ̀. Ògbufọ̀ ajẹ́lẹ̀, ọmọ ìlú wa ni, ló yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ó ní òyìnbó ní wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́tò yìí, pé dẹ́rẹ́bà ti ta ojúlówó fún àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù, ó sì fi àkúfọ́ dí i. Tí kò bá sí ìwé tó fi hàn pé bó ṣe rí nìyí láti ìlú òyìnbó, ọjọ́ Àlàámísì tó ń bọ̀ ni àwọn yóò rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, ní Kàdúná. Wọ́n mú un lọ sí àtìmọ́lé lójú mi. Kò tilẹ̀ jà. Ó ń wo mọ́tò náà lẹ́yìn bó ṣe ń lọ.

Mo gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́jọ́ kejì, kò jẹ. Lọ́jọ́ kẹta, ó di irin ojú fèrèsé mú, ojú rẹ̀ ti wọnú.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti rántí nǹkan. Awọ yẹn. Awọ tí ọ̀gá mi kọ nǹkan sí. Ó wà lẹ́yìn àga níbẹ̀, àbí?”

Mo bojú wo ilẹ̀.

Mo ní, “Ó wà níbẹ̀.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Alihamudulilai! Ẹ sọ fún ògbufọ̀ kí wọ́n tú u.” Ó wá fa àwo oúnjẹ sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó tún fi ìka nu àwo. Mo dúró tì í. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni ná, pé èmi fúnra mi ni n ó bá ògbufọ̀ sọ ọ́. Ó ní kò burú, pé èmi lẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ti ń sọ pé kí n lọ jẹ́wọ́. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Bí mo bá sọ, olè ẹrù òyìnbó ni mí. Bí n kò bá sọ, wọ́n ó tú àga, wọ́n ó bá àpò ìdọ̀họ, wọ́n ó ní àbúrò mi purọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ó sì burú sí i. Ọjọ́ Àláádì nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù.

Mo mọ ẹni tó gba tírà kọ̀ọ̀kan. Mo kọ́kọ́ lọ bá ọdẹ kan. Mo ní kó bá mi dá tírà mi padà. Ó fi ọwọ́ bò ó lọ́rùn, ó ní, “Ta ní ń gba tírà padà lọ́rùn ènìyàn? Ṣé o gbọ́ pé mo kú ni?” Irọ́ kan bá já bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni, pé ẹran tí wọ́n bó awọ náà lára rẹ̀, wọn kò dúńbú rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ó bọ́ ọ lọ́rùn wéré. Ó jù ú sí mi láyà. Ó ní, “Irú ẹran wo ni?”

N kò mọ̀. Awọ ìlú òyìnbó ni, ta ló bi wọ́n léèrè? Ẹlẹ́dẹ̀ ni òyìnbó ń jẹ. Ta ló sọ fún mi pé kì í ṣe awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni mo fi di ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun, tí mo sì so mọ́ Mùsùlùmí lọ́rùn? Irọ́ tí mo pa láti fi gba tírà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Astagafirulai! Mo wo ọwọ́ ara mi méjèèjì bí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Láti ìgbà náà, n kò nílò láti bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi dé ẹnu ọ̀nà gbogbo wọn. Àwọn kan dúró dè mí pẹ̀lú tírà lórí igi, wọn kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Bàbá arúgbó kan gbá mi létí níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní òun ti fi kí ìrun fún oṣù mẹ́fà, kí n wá kà á fún òun iye ìrun tí òun ó tún kí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀kan nínú tírà náà ti bá olóbì kan lọ sí Kánò, ìyẹn ti lọ nìyẹn. Nígbà tó di ọ̀sán Àtàláátà, méje wà lọ́wọ́ mi. Mo kó ìwé inú wọn fún alfa tó kọ wọ́n, mo nu awọ náà, mo tò wọ́n sórí ẹní. N kò mọ ìwé òyìnbó, ṣùgbọ́n àwòrán kò ní èdè. Mo rí ìdí mọ́tò ṣóńṣó, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin, mo rí ìfọwọ́sí àwọn méjèèjì nísàlẹ̀. Igun òkè kan kò sí, ti Kánò nìyẹn, mo sì rántí pé wọn kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò sí. Ibi tí ẹ́ńjìnnì wà, tí gbogbo ẹjọ́ dá lé, ihò ni.

Mo mọ ibi tó wà. Ìdí ìyàwó àbúrò mi ló wà.

Oyún méjì ti bà jẹ́ lára obìnrin náà. Nígbà tó tún lóyún ẹ̀kẹta, èmi ni mo lọ bá alfa kó kọ tírà, mo rán awọ bò ó dáadáa, mo fi fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó so ó mọ́ ìdí, kò tú u rí. Oyún náà ti wọ oṣù kẹjọ. Wọ́n ti sọ fún un pé kí inú rẹ̀ má bàjẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má rìn jìnnà, ọkọ rẹ̀ sì wà látìmọ́lé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ kò gbọdọ̀ bá ìyàwó ilé sọ̀rọ̀ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo dojú kọ ilẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi láti inú ilé, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Ó ní, “Ọkọ mi, ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ lóde? Èyí tó wà lára mi yìí, ṣé awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni?”

Mo ní, “N kò mọ̀. Wọlahi, n kò mọ̀.”

“Kí lẹ wá mọ̀?”

Mo sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ pátá, láti àpò ìdọ̀họ dé orí irọ́ tí mo pa fún ọkọ rẹ̀ níbi fèrèsé. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún, n kò sì tún sọ ọ́ fún ẹlòmíràn títí di ìsinsìnyí.

Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ẹ sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà.”

Mo sún. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí, mo gbọ́ tí okùn já. Ó na ọwọ́ síta láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìlẹ̀kùn, ó fi tírà náà lé mi lọ́wọ́. Ó ṣì gbóná láti ara rẹ̀.

Ó ní, “Tí ọkọ mi ò bá dé, ẹ̀yin lẹ pa á. Tí ọmọ yìí bá bọ́, ẹ̀yin náà lẹ jẹ ẹ́.” Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

Mo rán àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ sórí awọ ewúrẹ́ kan. Abẹ́rẹ́ gún mi léraléra, èmi tí mo lè fojú dídì rán awọ. Ní òwúrọ̀ Àlàámísì, mo gbé e fún ògbufọ̀, mo ní ẹ̀yìn àga ló ti wá, n kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mú àbúrò mi jáde láìwọ bàtà. Ó rí awọ náà bó ṣe rí, gígé tí a tún rán jọ. Ó mọ ọwọ́ mi. Láti kékeré ló ti mọ bí mo ṣe ń rán nǹkan.

Òyìnbó tuntun kà á títí. Ó mú lẹ́tà kan tí òyìnbó tó kú náà kọ jáde, ó fi ìkọ̀wé méjèèjì wé ara wọn. Ó dìde, ó gbé awọ náà dání lọ sídìí mọ́tò, gbogbo wa tẹ̀ lé e. Ó tú bẹ́líìtì, ó ṣí ìdérí, ó fi ánkáṣífù ara rẹ̀ nu ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń ka nọ́ńbà, ó ń wo awọ, ó tún ń ka nọ́ńbà. Orí ègé tó ti ìdí aboyún wá ni ìka rẹ̀ wà. Mo fẹ̀yìn ti igi. Lójijì ó pariwo, ó lu imú mọ́tò náà pẹ́pẹ́, gan-an bí ẹni tó ni ín ti máa ń ṣe. Ògbufọ̀ ní òyìnbó ní kò sí ohun tí wọ́n jí. Ó ní bó ṣe rí nìyí láti ilẹ̀ wọn, pé àwọn méjì ló fọwọ́ ara wọn kàn án, ìdí nìyí tí kò fi sí nínú ìwé òun. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Mo rò pé ó ti tán. Mo ti ń la ẹnu láti dúpẹ́.

Òyìnbó wá yí awọ náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ṣókí. Ògbufọ̀ ní, “Ó ní ta ló gé e?”

Ẹnu mi wà ní lílà. Wọlahi, ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Mo rí Kàdúná, mo rí ọjà tí gbogbo ènìyàn ó ti máa fọwọ́ júwe mi, mo rí bùlálà tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Àbúrò mi wò mí. Kò pẹ́ tó wò mí. Ó yí ojú sí òyìnbó.

Ó ní, “Èmi ni.”

Bùlálà méjìlá ni wọ́n ní kí wọ́n nà án, fún bíba ẹrù òkú jẹ́. Ìgbà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ dé ìgbà tí wọ́n fi parí, àyè wà fún mi láti sọ̀rọ̀ nígbà méjìlá. Mo dákẹ́. Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, a jọ rìn lọ sílé, ó ń béèrè bóyá ìyàwó òun ń jẹun.

Ìyàwó rẹ̀ bímọ láàyè, ọkùnrin. Ní ọjọ́ kẹjọ, ilé kún, alfa jókòó, àbúrò mi gbé ọmọ náà wá, ó sì tẹ́ ẹ sí mi lẹ́sẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, nítorí èmi ni àgbà ilé, kí n pe ìrun sí i létí kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Mo tẹ orí mi sílẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ìyá ọmọ ti dé iwájú mi. Kò kúnlẹ̀.

Ó ní, “Ẹ gbé ọmọ mi fún mi.”

Ó gbà á, ó gbé e fún alfa. Alfa rò pé àṣà ilé wa ni, ó pe ìrun náà. Àbúrò mi ń wo ilẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pín sàráà tán, nítorí mo mọ̀ pé tí mo bá dìde, ẹnì kan á béèrè pé kí ló dé.